Ta Ló Ń Jẹ́ Pósítúmù?

Inú kànga gbígbẹ ni òkú náà wà, lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n kọ́ dé ìdajì tí wọ́n sì pa tì ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàtà ẹsẹ̀ kan tó kù lẹ́nu kànga ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí kíláàsì rí, ni wọ́n bá yọjú wo ìsàlẹ̀. Kànga náà kò jìn rárá. Òkúta ló kún inú rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Asiyah Ọládépò ni wọ́n fi ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n gbé òkú náà jáde, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó bí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ọkùnrin tí àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ ni òkú náà. Abẹ́ èékánná rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì mọ́tò, irú èyí tí ọṣẹ kì í lè ṣí mọ́. Kò sí fóònù lára rẹ̀, kò sí báàgì. Nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ti bá ìborùn obìnrin kan, tuntun, tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Okùn dúdú kan wà ní ọrùn rẹ̀, tí wọ́n ti so tí wọ́n sì tún un so níbi tó ti já. Mẹ́dà kékeré kan ló so kọ́ okùn náà, irú èyí tí àwọn ìjọ Àgùdà máa ń fún ọmọ lọ́jọ́ ìrìbọmi.

Asiyah fi ìka kan gbé okùn náà sókè. Awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n ju ìyókù ọrùn lọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí ọrùn náà ká. Ó yí mẹ́dà náà padà. Àwòrán Màríà wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, ẹnìkan ti fi irin kọ ọ̀rọ̀ méjì: POSTUMUS, ỌYỌ.

Dókítà ní ẹ̀yìn orí ni ọkùnrin náà fi gbá òkúta, ó sì ní kò kú lójú ẹsẹ̀. Asiyah tún bi í: ṣé ẹ̀yìn orí? Ẹ̀yìn orí ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò rí kànga níwájú rẹ̀ á fi ẹsẹ̀ tàbí ojú lọ síbẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ni èyí fi wọ̀ ọ́. Ó ń wo ojú ẹnìkan nígbà tó ṣubú, ẹni náà kò sì pariwo pe ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Asiyah ṣílẹ̀kùn yàrá tó háyà, ó ní, “Ẹ kú ilé o.” Àṣà ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ ní Kàdúná, ògiri ló ń kí. Àwọn èèyàn rò pé ó ti mọ́ ọn lára. Kò tíì mọ́ ọn lára.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni Mubaraq, ọkùnrin tó ń bójú tó ilé àlejò kékeré kan nítòsí kànga náà. Ó ní òun kò gba àlejò kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Obìnrin tó ń se ìndómì ní òdìkejì ọ̀nà sì ti sọ pé òun rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Wọ́n yẹ yàrá tí àwọn méjèèjì sùn sí wò, wọ́n bá a pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹlòmíràn sì ti ń gbébẹ̀. Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ló pariwo pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Asiyah kò pariwo. Ó fi Mubaraq sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀, ó ra omi fún un, ó sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń gba àwọn àlejò kan láìjẹ́ kí onílé mọ̀, ohun tó ń bò mọ́lẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó ní láti Mínà ni àwọn méjì náà ti wá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan ní òun kò lọ mọ́, ìkejì ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n jáde gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan ló jáde pẹ̀lú báàgì méjèèjì, ó ní ẹnìkejì òun ti ṣáájú.

“Èwo nínú wọn ló ń bẹ ìkejì?” Asiyah béèrè.

“Ọ̀gá, mi ò mọ̀. Ohùn wọn ni mo gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ẹni tó jáde láàárọ̀ ní irùngbọ̀n, ó sì dé fìlà bo ojú.”

Wọ́n dá Mubaraq padà sí àtìmọ́lé. Asiyah wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́.

Nítòsí ọjà Akẹ̀sán, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé ta ló mọ ẹni tó ń jẹ́ Postumus. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń pè é, ó ń tún un pè, títí tí bàbá arúgbó kan tó ń tún bàtà ṣe fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ṣé Pósí ni ẹ ń wá? Kí ẹ bi Adéṣínà tó ń ta páànù lọ́hùn-ún, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni.

Adéṣínà jẹ́ ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń fi gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Bí Asiyah ṣe dárúkọ, ojú náà pọ́n. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni Pósítúmù. Orúkọ òyìnbó tí fadá fún un lọ́jọ́ ìrìbọmi ni, òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni wọ́n gé e kúrú di Pósí, pósí tí wọ́n fi ń sin òkú. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ládùúgbò, wọ́n á ní òun ló mú un lọ. Nígbà tó tó ìyàwó fẹ́, bàbá ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní òun kò lè gbé ọmọ òun wọ inú pósí. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi kúrò ní Ọ̀yọ́, kò sì padà mọ́. Ọmọdé ni Adéṣínà nígbà náà.

“Ṣùgbọ́n ó ti dé báyìí o,” Adéṣínà sọ. “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo kan páànù sórí ilé ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ń gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, títí ojú fi fọ́ pátápátá. Èmi ni mo ń pọn omi. Onílé wá dé.”

Asiyah wò ó. Bí ẹni tó ń jẹ́ Postumus bá wà láàyè, ta ló kú sí Under G? Ó béèrè ibi tí Adéṣínà wà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọkùnrin náà sínú kànga. Adéṣínà gbé páànù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun wà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páànù fún òun.

Ìdí láti mú un nìyẹn, ọlọ́pàá mìíràn ì bá sì ti mú un. Asiyah gba nọ́ńbà oníṣòwò náà, ó pè é lójú rẹ̀. Oníṣòwò náà jẹ́rìí sí i, ó ní ilé òun gan-an ni Adéṣínà sùn nítorí mọ́tò tó bàjẹ́. Ojú Adéṣínà tún pọ́n, ó wá ṣáájú lọ fi ilé hàn án.

Ilé kékeré ni, alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Asiyah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀,” ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú ilé.

Màmá, ìyá Pósítúmù tó ń jẹ́ Victoria, ló jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ẹni tó ń ríran lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi àlejò pé ṣé ó gbọ́ bí ilé òun ṣe ń dáhùn báyìí. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tóun ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tóun á kí ilé, tí ilé á dákẹ́ sóun. Ní báyìí, bí òun bá ti ní ẹ kú ilé, wọ́n á ní, “Ẹ káàbọ̀, Màámi.” Ó ní òun a máa mọ̀ọ́mọ̀ jáde síta, kóun lè tún wọlé.

Ọkùnrin tó dáhùn jáde wá. Ó ní irùngbọ̀n, kò ga. Asiyah bi í ẹni tó ń jẹ́ Pósítúmù, ó ní òun ni. Asiyah mú mẹ́dà náà jáde, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Màmá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

“Ti ọmọ mi ni,” ó sọ. “Èmi ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Níbo lẹ ti rí i?”

“Lọ́rùn òkú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mà.”

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí.

Ọkùnrin náà tètè sọ̀rọ̀. Ó ké pe Ọlọ́run, ó ní a jẹ́ pé Dámisí ti kú. Dámisí ni ọ̀rẹ́ òun, àwọn jọ ń ṣe mẹkáníìkì ní Mínà, inú yàrá kan náà làwọn ń gbé. Òun ní kó sin òun wálé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn kúrò ní Mínà, òun wá mẹ́dà òun tì. Kò wá sọ́kàn òun pé Dámisí ló jí i. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Dámisí yí ọkàn padà, ó ní òun kò lọ mọ́, òun ń padà. Òun bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, òun sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bá ti Mubaraq mu. Asiyah kàn ń bi í ní ìbéèrè tí ọlọ́pàá máa ń bi èèyàn láti mọ̀ bóyá ẹni tó pe ara rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà dárúkọ ilé ìwé rẹ̀. Ó dárúkọ ọmọbìnrin tí wọn kò jẹ́ kó fẹ́. Ó ní bí ẹran bá wà lọ́bẹ̀, abẹ́ ẹ̀kọ ni Màámi máa ń fi tòun pamọ́ sí kí àwọn ọmọ ilé má bàa rí i. Kò ṣì í sọ, kò kólòlò.

“Bàbá yín ńkọ́?”

Ojú ọkùnrin náà rọ̀. Ó ní bàbá ti kú tipẹ́, ọmọdé lòun. Ṣùgbọ́n òun kò lè gbàgbé bó ṣe máa ń gbé òun síwájú kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, tí wọ́n á jọ lọ sọ́jà, tó máa ń jẹ́ kí òun tẹ agogo kẹ̀kẹ́ náà fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ó rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Asiyah ti fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ ohùn òótọ́. Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ.

Màmá tẹ orí ba. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ẹ̀gúsí kiri nínú igbá, kò sì mú ọ̀kan.

Nígbà tí Asiyah dìde, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. “Ẹ padà wá lọ́la,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Mo bẹ̀ yín. Ẹ padà wá lọ́la.”

Asiyah sùn sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ní kó má parí ọ̀ràn náà mọ́, àbí? Olè jí mẹ́dà, olè bínú, olè ṣubú. Ṣùgbọ́n okùn yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ nínú dígí ilé àlejò. Kò sí olè tó máa jí mẹ́dà ní àárọ̀, tí oòrùn á sì ti yàwòrán okùn sí i lọ́rùn kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún gbọọrọ ló ń fa irú àpá bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà sì ṣí ọrùn ẹ̀wù sílẹ̀ nítorí ooru. Àwọ̀ ọrùn rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀.

A jẹ́ pé òkú ló ni mẹ́dà. Kí ló wá dé tí alààyè fi mọ ohun gbogbo, títí kan ẹran abẹ́ ẹ̀kọ? Kí sì ló dé tí ohùn rẹ̀ fi dún bí òótọ́ nígbà tó dé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́?

Ní òwúrọ̀, kó tó padà sọ́dọ̀ Màmá, ó yà lọ sọ́dọ̀ Fadá Gabriel, àgbà àlùfáà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí èèyàn méjì ní Ọ̀yọ́ máa jẹ́ orúkọ yẹn.

Fadá ní láéláé. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ láti ìgbà tóun ti ń sin Ọlọ́run. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan béèrè, ó fa àga fún Asiyah.

“Orúkọ Látìn ni,” ó sọ. “Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn làwọn ará Róòmù ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló tún lè gbẹ̀yìn ju èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti kú? Bó ṣe di orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n bá ki lẹ́tà kan bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘lẹ́yìn erùpẹ̀’, lẹ́yìn tí wọ́n ti bo sàréè. Irọ́ ni o. Wọ́n kàn ń fi orúkọ ṣeré ni, bí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe fi ti tiwa ṣeré.”

“Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú,” Asiyah tún un sọ. “Ẹni tí àwa ń pè ní Babárímisá.”

“Òun gan-an ni.” Fadá ní orúkọ yẹn ni àwọn ará ilé fẹ́ fún ọmọ náà. Victoria ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà náà. Ó sunkún, ó ní òun kò lè máa pe ọmọ òun lójoojúmọ́ kóun máa rántí pé bàbá rẹ̀ sá. Fadá òyìnbó tó wà níbẹ̀ nígbà náà ṣàánú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fún ọmọ náà, èdè àjèjì ló fi wé e, ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá nìkan. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọdé máa bá pósí nínú rẹ̀.

Asiyah kò gbọ́ ìyókù mọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń wò lójú inú rẹ̀, bàbá tó gbé ọmọ síwájú, agogo tó ń dún lọ sọ́jà.

Ó mú ọlọ́pàá méjì dání lọ sílé Màmá. Ó ní kí ọkùnrin náà jẹ́ kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ níta, lábẹ́ igi máńgòrò. Adéṣínà náà dúró síbẹ̀, ó káwọ́ gbera.

“Ẹ tún sọ ti kẹ̀kẹ́ yẹn fún mi,” Asiyah sọ.

Ó tún un sọ. Ó fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń tẹ agogo.

“Kí lorúkọ yín túmọ̀ sí?”

“Orúkọ ẹni mímọ́ kan ni.”

“Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti sin bàbá kí wọ́n tó bí ọmọ. Pósítúmù kò rí bàbá rẹ̀ rí, kò sí kẹ̀kẹ́ tó bá a gùn. Ọrùn òkú tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àpá okùn, tiyín kò ní. Ẹ̀yin ni Dámisí. Ẹni tó ní òun kò lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ni Pósítúmù. Ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ ẹ́.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Kò sá, kò sì jiyàn. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi náà bí ẹni tó rìn jìnnà.

“Ó sọ ohun gbogbo fún mi,” Dámisí wí. “Lálaalẹ́ ni. Kò sọ ìyẹn fún mi rí. Bàbá tèmi ni mo sọ. Òun nìkan ni mo ní láti sọ.”

Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kó tó mọ ojú rẹ̀, bàbá tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà kò ní ẹnikẹ́ni. Nínú yàrá tí òun àti Pósítúmù ń gbé ní Mínà, ìyá Pósítúmù ni ìtàn alẹ́ wọn. Ó mọ ọ̀nà tó ń gbà pe ọmọ wá jẹun. Ó mọ ohun tó máa ń sọ bí òjò bá ṣú. Òun ló ń bẹ Pósítúmù lọ́dọọdún pé kó lọ wo ìyá rẹ̀, òun ló bá a ra ìborùn. Nígbà tí wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rù ba Pósítúmù. Ó ní wọ́n á tún máa pe òun ní Pósí, òun ń padà sí Mínà lọ́la. Wọ́n jáde gba ẹ̀yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ wọn.

“Inú bí mi. Mo ní, o ní ìyá láàyè, o fẹ́ padà. Mo tì í láyà. Mi ò mọ̀ pé kànga wà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Ó ń mí,” Asiyah sọ. “Dókítà ní kò kú lójú ẹsẹ̀.”

“Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dúró. Mo wá ronú pé bó bá jáde, Mínà ló ń padà sí, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ní dé ọ̀dọ̀ Màmá. Mo lọ.”

“Ẹ sì wá síbí láti wá jẹ́ òun.”

“Rárá. Mo wá sọ fún Màmá pé ó ti kú ni. Mo gbé báàgì rẹ̀ wá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo kí ilé. Wọ́n ní, ‘Ta nìyẹn, ṣé Pósítúmù ni?’ Ẹnu mi ló dáhùn, Màdáàmù. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.”

Wọ́n fi ìdè sí i lọ́wọ́. Adéṣínà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú.

Asiyah wọlé. Màmá kò bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ yẹn. Ó ti wọ aṣọ ìjáde, ó jókòó, mẹ́dà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Asiyah kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

“Màmá, ẹ ti mọ̀.”

“Láti ọjọ́ kejì tó dé. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ní bóyá Pósítúmù ló rán an wá, bóyá òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ń dúró.” Ó yí mẹ́dà náà lọ́wọ́. “Nígbà tí ẹ wá lánàá tí ẹ dárúkọ òkú, mo ti mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ó yẹ kí n ké. Ó yẹ kí n di ẹni yẹn mú níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ọ́, Mà?”

“Mo ní kó di ọ̀la. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ilé á dákẹ́. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo jáde lánàá lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo tún wọlé, ó dá mi lóhùn.” Omijé ń ṣàn lójú tí kò ríran náà. “Ọmọ mi wà nínú yìnyín lọ́dọ̀ yín, èmi sì ń gba ẹ káàbọ̀ lẹ́nu ẹni tó pa á. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́.”

Adéṣínà ló wa mọ́tò gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbi tí wọ́n tọ́jú òkú sí, Màmá fi ọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀, ó wá etí, ó wá ọrùn. Ó fi ọwọ́ tọ ibi tí okùn ti wà láti etí kan dé èkejì. Ó so mẹ́dà náà padà fúnra rẹ̀. Asiyah gbé ìborùn inú ọ̀rá fún un, ó sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Màmá tú u, ó fi bo èjìká ara rẹ̀, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ láìgé e kúrú.

Wọ́n fi Mubaraq sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Dámisí ti buwọ́ lu ohun tó sọ, ó sì kọ̀ láti jẹun.

Asiyah ì bá ti dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó bá wọn padà sí Ọ̀yọ́. Kò sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tó bi í. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Adéṣínà ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí, Màmá sì ti ń fi ọ̀pá tọ́nà lọ síwájú, ìborùn tuntun náà léjìká rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ jáde kó tó rántí.

“Ẹ kú ilé o.”

Ilé dákẹ́. Màmá kò kúrò lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn.

Asiyah bọ́ bàtà. Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ Màmá kọjá láìfara kàn án, ó wọ inú ilé tó ṣókùnkùn náà, ó yíjú padà sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀, Màámi,” ó sọ.